Bí Mo Ṣe Sọ Ọmọ Píráímárì Di Oníbéésì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga súnmọ́ ibí. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, kó dín iná rẹ̀ kù, kó máa bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ba ohùn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, tí mo sì rò pé oore ni mò ń ṣe.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ọmọ Oǹdó ni mí, àti pé Ọ̀bà-Ilé ni mo kọ́lé sí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n sì mọ̀ pé béésì ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe béésì kékeré o. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ dé do ìsàlẹ̀, bíi típà tó kó yanrìn tó ń gun òkè Ìdànrè ni. Ìyàwó mi ní tí mo bá ń gbàdúrà òwúrọ̀, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń ṣe àmín.

Ọmọ ọmọ mi kan, Ìfẹ́ lorúkọ rẹ̀, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wa, wà ní Píráímárì Kẹta ní ilé-ìwé kan nítòsí wa. Ọmọ yìí kì í fẹ́ lọ sílé-ìwé. Láàárọ̀ Ajé, ẹkún. Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, ẹkún. Tó bá di Ọjọ́rú, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ wẹ̀ nínú ilé, tí á ti wọ bàtà tán kí ìyá rẹ̀ tó jí. Kí ló wà ní Ọjọ́bọ̀? Orin ni. Àǹtí Dàmi, tíṣà wọn, máa ń kọ́ wọn lórin fún wákàtí kan lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí Dàmi fúnra rẹ̀ mú Ìfẹ́ wá sílé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì tètè dìde. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti pe àwọn sí ìdíje orin àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Oǹdó. Ó ní Mádàámù, ìyẹn ọ̀gá ilé-ìwé wọn, gbà kí àwọn lọ, àmọ́ ó fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn: bí àwọn ọmọ bá lọ dójú ti òun ní Oǹdó, wákàtí orin ti parí nìyẹn, Kuantitétífù lòun máa fi dí àlàfo rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ọmọ ní píráímárì mọ́, ìṣirò alámì àti aláwòrán ni wọ́n ń pè ní Kuantitétífù. Ó dára fún ọpọlọ, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ bi Ìfẹ́ wò. Bó ṣe gbọ́ orúkọ náà báyìí, omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Grandpa, ẹ jọ̀ọ́," Àǹtí Dàmi ní, "ẹ wá bá mi kọ́ wọn. Èmi ò mọ sol-fa."

Ta ni wọ́n á pè wá kọrin nílùú rẹ̀ tí kò ní lọ? Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́.

Ìyàwó mi ń gbọ́ wa láti inú yàrá. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì ń ṣáájú àwọn tó ń kọ tírébù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó yọrí síta, ó ní, "Bàbá Bùsọ́lá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ kéékèèké ni wọ́n?"

Mo ní kí ló ń sọ, ṣé kì í ṣe ọmọdé ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́?

"Ìtàn lẹ kọ́ wọn," ó ní. "Mo kàn béèrè ni."

Ó padà sínú yàrá. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó pẹ́, ẹ mọ irú "mo kàn béèrè ni" yẹn.

Ọjọ́bọ̀ dé. Mo kọ do, re, mi sójú bọ́ọ̀dù, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí àkàsọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tíṣà tiwa ṣe ń kọ ọ́. Mo mú ọ̀pá dání. Ìdúró ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí orin kì í jáde dáadáa lára ẹni tó tẹ̀ kọ̀ọ̀rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ́ wọn ní mímí: kí ikùn wú, kí èjìká dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo ìyẹn dára. Ọmọ tó gbọ́n ni wọ́n, wọ́n gbà á kíá.

Ìgbà tí mo ní kí wọ́n gba ohùn lẹ́nu mi ni wàhálà wọlé. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Dooooo."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wò mí. Ni wọ́n bá fi àgbọ̀n ti ọrùn, wọ́n fajú ro bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì dáhùn pé, "Duuuuu."

Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn. Mo rò pé Ọlọ́run ti da ẹ̀bùn béésì sórí gbogbo Ọ̀bà-Ilé ni. Mo tún sọ̀kalẹ̀ sí i, wọ́n bá mi sọ̀kalẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà níwájú tó rí bíńtín, tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti bọ́, òun gan-an ló jinlẹ̀ jù. Kí n tó gbé ìlà kejì, mo wúkọ́ díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun mi lè là. Gbogbo kíláàsì wúkọ́.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹjọ́ ti ń wọlé. Ìyá ọmọ kan dá mi dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n kọ́ obìnrin náà nílé, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa kó tó sọ tẹnu rẹ̀.

"Dádì, ẹ má bínú sí mi. Ara ọmọ mi yá, mo ti gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Àmọ́ tó bá ń gbàdúrà oúnjẹ báyìí, bàbá ọkọ mi tó ti kú ni mò ń gbọ́."

Mo ní ohùn rẹ̀ ló ń dàgbà. Ó wò mí. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Mádàámù náà dé tiẹ̀. À ń kọrin lọ́wọ́ ló yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rò pé wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀ ni. Mo ti ń lọ bá géètìmáànù jà pé ta ló ní kó máa jó epo lọ́sàn-án gangan."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìwé àkókò ẹ̀kọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó wò ó, ó wò ó. Àǹtí Dàmi tẹjú mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tó ń wò. Ọjọ́bọ̀ ló ń wò.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn kò tíì dùn mí tó èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, a jí láàárọ̀, a ò rí Ìfẹ́ ní balùwẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì la ti bá a, ó fi ọwọ́ di ikùn mú. Ó ní inú ń run òun.

Lọ́jọ́ wo? Lọ́jọ́ orin.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Grandpa, orin yẹn ń dun èèyàn lọ́rùn."

Mo lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ náà kí àkókò tó tó, torí mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí nílé. Àsìkò ìsinmi ni. Mo jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn kíláàsì. Àwọn ọmọ kan wà lórí pápá, wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì tó jìnnà síra, wọ́n ń ṣeré. Àwọn tibí á pe àwọn tọ̀hún, pé ta ló wà lókè yẹn. Àwọn tọ̀hún á dáhùn pé àwa la wà lókè yìí, wá bá wa bó o bá lè fò. Ohùn wọn ga, ó mọ́ lóló, ó fò kọjá òrùlé lọ bí ẹyẹ lékeléke. Kò sẹ́ni tó fajú ro. Kò sẹ́ni tó fi àgbọ̀n ti ọrùn.

Mo pe Àǹtí Dàmi. Mo ní kíláàsì wo nìyẹn? Mo ní àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ kí wọ́n ti fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ọ̀nà tí yóò fi sọ fún àgbàlagbà pé ṣòkòtò rẹ̀ ti ya. Ó ní, "Grandpa, àwọn tiyín náà nìyẹn."

Mo tún wò dáadáa. Òótọ́ ni. Mo rí aláìléyín mi láàárín wọn, ó ń fò, ó ń ké bí ẹyẹ. Àṣé àwọn ọmọ ní ohùn tẹ́lẹ̀. Èmi ni mò ń bá wọn gbé e pamọ́.

Nígbà tí mo délé, mo ro ẹjọ́ mi fún ìyàwó mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí. Nígbà tó rí i pé èmi ò bá a rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó sì là á yé mi. Ó ní ọmọdé kì í bi ohùn léèrè ọ̀nà tó gbà wá, bí o bá ṣe fún un ló ṣe máa gbà á. Ó ní ibi tí béésì tèmi ń gbé, ohùn ọmọ kò lè dé ibẹ̀, bó bá sì fi tipátipá débẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ló máa fi san án.

"Ẹ kó àwọn ọmọ sísàlẹ̀ kànga," ó ní, "ẹ wá ń bi wọ́n pé kí ló dé tí ilẹ̀ fi ṣú."

Mo ní kó bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní òun á tẹ̀ lé mi lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ yanu.

"Kí n má yanu bíi ti báwo?"

"Ọwọ́ ni kí ẹ máa fi darí wọn. Ẹnu yín, ẹ fi í s'úlé."

Ọmọ Ìlú-Àbò ni, lápá Àkúrẹ́ wọn lọ́hùn-ún. Tí inú rẹ̀ bá ti ń dùn báyìí, ilé á di ulé.

Nígbà tí a dé kíláàsì, kò wo bọ́ọ̀dù mi rárá. Pápá ló kó àwọn ọmọ lọ. Ó sọ fún wọn pé nígbà tí òun wà ní kékeré nínú oko bàbá òun, bí oúnjẹ bá jinná ní ahéré, kò sẹ́ni tó ń rin ìrìn àjò lọ sábẹ́ igi kòkó lọ pe àwọn àgbà. Ẹ ó dúró sẹ́nu ahéré ni, ẹ ó pè. Ó ní ẹni tó bá fi ohùn inú ọ̀fun pè, bàbá rẹ̀ ò ní gbọ́, iyán á sì tutù. Ohùn tó gba orí jáde ló ń dé ìsàlẹ̀ oko.

Ó fi ọwọ́ ká ẹnu, ó ní, "Húuuuù!" Ó dún kọjá ọgbà, àwọn tó ń lọ lójú títì bojú wẹ̀yìn.

Àwọn ọmọ dá a lóhùn. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ohùn orí pápá yẹn padà dé. Ó ní kí wọ́n má pariwo, pípè là ń pè, a ò jà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìpè náà máa balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ewé tó já lórí igi tí kò kánjú. Ibi tí ewé náà bà sí ló ti mú do fún wọn. Wọ́n gbà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n gbà á.

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ń darí. Ẹnu ń yún mi bí ẹni tó jẹ kókò tí kò jinná, ṣùgbọ́n mo pa á dé. Ikọ́ yẹn nìkan ni kò lọ. Kí ìlà kejì tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á wúkọ́. Ìyàwó mi á kàn yíjú wò mí.

Lọ́jọ́ ìdíje, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé gbé wa, ó di Oǹdó. Gbọ̀ọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n lò. Obìnrin kan tó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn ni àgbà adájọ́. Ó dìde, ó ka òfin: tíṣà lè fún àwọn ọmọ ní ohùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn àgbàlagbà kankan. Ilé-ìwé tí wọ́n bá gbọ́ tiẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọmọ Oǹdó, ó yẹ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Àwa tí a dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin níbẹ̀, a kì í kàn gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì ká dákẹ́. Bó bá ti dún, olúkúlùkù á gba ipa tirẹ̀. Ojú mi báyìí ló ṣe tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń jà sí ààlà ilẹ̀, tí orin ta wọ́n létí láti ilé kejì. Ẹ̀gbọ́n gba tẹ́nọ̀, àbúrò gba béésì, wọ́n kọ ọ́ dé àmín, wọ́n sì padà sórí ìjà wọn.

Orin wo ni èmi ọlọ́gbọ́n wá mú fún àwọn ọmọ? Orin òwúrọ̀ àtijọ́ kan tí gbogbo ẹni tó gba ilé-ìwé míṣọ́nnì kọjá nílùú náà mọ ipa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lórí. Àwọn wo ló sì kún inú gbọ̀ọ̀ngàn? Bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Ṣé ẹ rí i?

Mo jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Tẹ́nọ̀. Mo ti ki áńkáṣífù bọ ẹnu. Mádàámù wà níwájú pátápátá, ó gbé báàgì lé itan, gèlè rẹ̀ le bí páànù.

Ìyàwó mi fún àwọn ọmọ ní ohùn, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kìíní, gbọ̀ọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ohùn wọn tutù, ó ga, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń yé èèyàn. Mo rí Ìfẹ́ láàárín wọn, ó la ojú gbàǹgbà bí ọmọ tí wọ́n gbé sórí èjìká. Àǹtí Dàmi ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Wọ́n wúkọ́. Adájọ́ gbórí sókè, ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kejì.

Ni mo bá gbọ́ tẹ́nọ̀ létí mi òsì.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ẹ dákẹ́ o, wọ́n á lé wa." Bàbá Tẹ́nọ̀ ti di ojú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kí n tó mọ̀, áótò ti dìde láti iwájú, ó dùn, ó rọ̀ bí òrí. Mo na ọrùn kí n rí ẹni náà. Gèlè Mádàámù ló ń mì.

Ó dáa, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Tírébù wà. Áótò wà. Tẹ́nọ̀ wà. Ṣé kí n jókòó kí n máa wo ilé tí kò ní ìpìlẹ̀? Mo yọ áńkáṣífù lẹ́nu.

Nígbà tí béésì mi balẹ̀, gbogbo gbọ̀ọ̀ngàn ló dìde. Ìyàwó mi yí sẹ́yìn, ó fi ojú kan wò mí tí mi ò tíì rí rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àwọn ọmọ ti gbọ́ ohùn mi. Àgbọ̀n aláìléyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọrùn. Ìyàwó mi kàn fi ọwọ́ ká ẹnu láìmú ohùn jáde, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ahéré. Ọmọ náà rí i, ó gbé orí sókè. Gbogbo wọn dúró sókè lọ́hùn-ún, àwa àgbà ń hó nísàlẹ̀, wọn ò bá wa sọ̀kalẹ̀ títí orin fi parí.

Adájọ́ dìde. Ó dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó wá béèrè pé ta ló bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ọ̀ngàn dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Bàbá Tẹ́nọ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Mádàámù ń wo àjà. Adájọ́ ní òfin lòfin, ilé-ìwé yìí bọ́ sílẹ̀. Ó fi kún un pé òun ò tíì rí ọmọ tí àgbà bò mọ́lẹ̀ tó báyẹn tí ohùn wọn kò rì.

Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ ń yọ̀. Wọ́n rò pé àwọn ló gbégbá orókè, torí tiwọn nìkan ni gbogbo èèyàn dìde fún. Àǹtí Dàmi ò bá wọn yọ̀. Mádàámù jókòó síwájú, kò wẹ̀yìn.

Ìfẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Mádàámù, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin náà wà nínú kúáyà wa ni?"

Dẹ́rẹ́bà gan-an wo dígí.

"Èmi kẹ̀?" Mádàámù ní. "Mo kàn ń nu ẹnu ni."

"Ó dùn gan-an, mà," Ìfẹ́ dáhùn.

A rìn díẹ̀ sí i. Mádàámù rọra yíjú sí ìyàwó mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mà, òpin ìlà kẹta yẹn, ṣé áótò máa ń gòkè ni, àbí ó máa ń dúró? Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ó jọ pé mo ṣì í."

"Ẹ ṣì í," ni ìyàwó mi ní. "Ó máa ń dúró ni. Ẹ wá ní Ọjọ́bọ̀, màá fi hàn yín."

"Ní Ọjọ́bọ̀," Mádàámù ní. Àǹtí Dàmi di apá mi mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ẹ̀wù mi.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé a kì í fi ohùn wa gbé ohùn ọmọdé. Ẹ jẹ́ kó máa gbé níbi tí Ọlọ́run fi í sí, kó máa ga sí i fúnra rẹ̀. Bó bá ń pariwo, ẹ kọ́ ọ ní pípè. Bó bá ń fajú ro tó fi ń kọrin, ẹ wo ojú ara yín nínú dígí kí ẹ tó bá a wí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló kọ́ yín lórin ní píráímárì, kí lẹ sì gbà lẹ́nu rẹ̀ tí kò yẹ kí ẹ gbà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á.

Kí ẹ tó gbé àga, ẹ gbọ́ bí ogún náà ṣe pín. Wákàtí orin ló jogún Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ padà. Kuantitétífù jogún àsìkò ìkéde àárọ̀ Ajé, kò sì sẹ́ni tó sunkún ìkéde. Ìfẹ́ ṣì ń sunkún láwọn ọjọ́ yòókù, ìyẹn kù sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bàbá Tẹ́nọ̀ jogún àga ìta, wọ́n ti sọ fún un pé abẹ́ igi ni yóò ti máa gbọ́ ìdíje. Ìyàwó mi jogún gbogbo àwọn ọmọ pátá. Tó bá ń lọ ní Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ báyìí, ọmọ kan á pè é láti òdìkejì títì, "Húuuuù!", òun náà á dáhùn, àwọn ọlọ́kadà á máa wá ẹni tí nǹkan ṣe.

Èmi jogún ilé. Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn á jáde, ilé á dá wáí, màá jókòó sí pálọ̀ kí n máa kọ béésì mi bó ṣe wù mí, torí kò sí ọmọ kankan nítòsí tó máa gbà á lẹ́nu mi.